«Conversation» inú King James kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu

A fẹ́ tọrọ àforíjì lórí ohun kan tí a fi kọ́ni ní ìpàdé àwọn ìyàwó ilé.

Bíbélì King James la ṣí lọ́jọ́ náà, 1 Pétérù 3:1. A rí «conversation» níbẹ̀, la bá ní kí àwọn ìyá máa bá ọkọ wọn tí kò tíì gbàgbọ́ sọ̀rọ̀ ṣáá, láàárọ̀, lálẹ́, wọn ò gbọdọ̀ dákẹ́. Arábìnrin kan lọ ṣe é. Nígbà tó yá, ó ní ọkọ òun ti ń jẹun níta kó tó wọlé, kó má baà gbọ́ ìwàásù nídìí oúnjẹ.

Ìyá àgbà kan ló pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣí Bíbélì Yorùbá rẹ̀ tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já: «Pásítọ̀, ẹ wò ó, ìwà ni wọ́n kọ síbí o.»

Ha! Ojú tì wá.

Lọ́dún 1611 tí King James jáde, «conversation» ṣì ń jẹ́ ìwà, bí èèyàn ṣe ń gbé ayé rẹ̀ láàárín àwọn ẹlòmíì. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sún un lọ sídìí ọ̀rọ̀ sísọ, títí ìtumọ̀ ti tẹ́lẹ̀ fi kú. Kódà, ní kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1857, ọkọ lè pe ọkùnrin tó bá ìyàwó rẹ̀ sùn lẹ́jọ́, «criminal conversation» sì lorúkọ ẹjọ́ ọ̀hún. Àbí ọ̀rọ̀ ẹnu làwọn yẹn ń sọ ni? (Ẹ má rẹ́rìn-ín o.) Nígbà tí New King James dé lọ́dún 1982, «conduct» ni wọ́n fi síbẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni pé àìsọ̀rọ̀ gan-an ni ẹsẹ yẹn ń kọ́ni. A kà á, a fò ó kọjá, torí Gẹ̀ẹ́sì òde òní ti dí wa lójú.

Àwọn kan nínú wa rò pé Bíbélì Yorùbá wà fún àwọn tí kò kàwé. A ò gbà mọ́. Ìyá yẹn ò ka ìwé mẹ́fà, òun ló sì tọ́ wa sọ́nà.

Lọ́jọ́rú, ẹ mú Bíbélì méjèèjì wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì. «Prevent» inú 1 Tẹsalóníkà 4:15 ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ti Yorùbá wò nílé. A ti bẹ arábìnrin wa. Ojú ṣì ń tì wá láti lọ bá ọkọ rẹ̀, àmọ́ a máa lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.