Àgbẹ̀dẹ Inú Kọ̀ǹpútà àti Iyì Ohun Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ oko dídá àti ilé kíkọ́ nìkan ni òwe yìí bá mu, kí ó wo àwọn àgbàlagbà tí ń ṣe eré RuneScape lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ń ṣe é láti ìgbà èwe. Lónìí, wọ́n ti di òṣìṣẹ́, àwọn mìíràn sì ti di abiyamọ àti baálé ilé. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a padà sí ìdí àgbẹ̀dẹ inú kọ̀ǹpútà, wọn a máa rọ ìgbàyà irin tí ojú wọ́n mọ̀ láti kékeré. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tọ́ sí wọn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré yìí ti ṣẹ̀. Andrew Gower àti Paul ọmọ ìyá rẹ̀ ló ṣí i sílẹ̀ fún aráyé ní oṣù January, 2001. Ilé-iṣẹ́ Jagex ní ìlú Cambridge ló sì ń bójú tó o. Nínú rẹ̀, olúkúlùkù a máa pẹja, a máa se oúnjẹ, a máa wa kùsà, a máa rọ irin, a sì máa bá ẹranko abàmì jà. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún ni àyípadà ń dé. Ní December 2007, wọ́n fi òfin há pàṣípààrọ̀ ẹrù láàárín àwọn tí ń ṣeré mọ́. Ní November 2012, wọ́n yí ọ̀nà ìjà padà pátápátá. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Ní February 2013, ilé-iṣẹ́ náà ní kí àwọn ènìyàn dìbò bóyá kí àtijọ́ padà wá. Àwọn tí ó dìbò lé ní 440,000. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣí Old School RuneScape, láti inú ẹ̀dà eré náà tí wọ́n ti tọ́jú láti August 2007.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí béèrè. Bí ó bá ṣe pé ìrísí ìhámọ́ra àtijọ́ nìkan ló wù wọ́n, ilé-iṣẹ́ náà ìbá kàn yà á, ìbá sì pín in kiri nínú eré tuntun. Ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́.

Ọ̀nà náà kò sì dẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ a mú bàbà kan àti tánńganran kan, a yọ́ wọn pọ̀ di idẹ, a fi rọ ọ̀bẹ ìjà kékeré. Bí ó bá dórí irin, nǹkan bí ìdajì èyí tí ó bá kó sínú ìléru ni yóò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Báyìí ni yóò máa bá a lọ títí dórí runite tí ó le jù, tí díẹ̀ nínú àpáta rẹ̀ wà ní ẹgàn tí ẹlòmíràn ti lè pa á kí ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Kí ó tó lè yọ́ runite kan, yóò ti dé ìpele 85, yóò sì fi èédú mẹ́jọ sí i. Ọ̀pá irin márùn-ún ló ń di ìgbàyà kan. Ogójì èédú nìyẹn. Ìpele 99 tí í ṣe òpin iṣẹ́ ni wọ́n sì ti ń rọ ìgbàyà yìí, lẹ́yìn tí alágbẹ̀dẹ bá ti kó máàkì ìrírí 13,034,431 jọ. Ẹni tí ó dé ìpele 92, tí ó rò pé òun ti fẹ́ dé ilé, ìdajì ọ̀nà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wà.

Níhìn-ín ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ wọ ìgbàyà yìí kò nílò ju ìpele 40 lọ nínú ẹ̀kọ́ ìdáàbòbò ara, kí ó sì ti pa dírágónì Elvarg ní erékùṣù Crandor. Yóò rà á lọ́jà, ó parí. Àwọn ẹranko abàmì pàápàá ń jù ú sílẹ̀ bí wọ́n bá kú, ọjà sì kún fún un. Alágbẹ̀dẹ tí ó ti lu irin títí kò rí èrè tí ó tó làálàá rẹ̀. Nítorí èyí ni Jagex fi tún iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ṣe nínú RuneScape tuntun ní January 2019, tí wọ́n sọ iṣẹ́ rune kalẹ̀ sí ìpele 50. Ọgbọ́n wà nínú ohun tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ní Old School, 99 náà ni ó ṣì wà.

Òmùgọ̀ ha ni àwọn ará Old School bí? Rárá o. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹni tí ó ra ìgbàyà ti ní aṣọ. Alágbẹ̀dẹ ìpele 99 ló ni àkísà: ọ̀bẹ idẹ àkọ́kọ́, irin tí ó bàjẹ́ nínú ìléru, òru tí ó fi kó èédú jọ. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń rántí nígbà tí ó bá wo ìgbàyà náà.

Àìmọ iṣẹ́ pàápàá ti fìyà jẹ ọ̀pọ̀ ọmọdé nínú eré yìí. Àwọn oníjìbìtì a máa polówó pé àwọn yóò bá ènìyàn fi wúrà ṣe etí ìgbàyà rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọdé a gbé ìgbàyà fún wọn, wọn a sì bẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí alágbẹ̀dẹ kan nínú eré náà tí ó lè ṣe irú ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Inú àpótí ìṣúra ni a ti ń rí i, lẹ́yìn tí a bá ti já àlọ́ àti àmì ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti dúró nídìí ìléru rí kò ní ṣòro fún láti mọ̀ pé irọ́ ni.

Kí a má ṣì í rò pé ohun àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ní Old School, àwọn tí ń ṣeré ni a ń bi kí a tó mú ohun tuntun wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ènìyàn 75 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ó di 70. Bí àpẹẹrẹ, ní 2022 ni wọ́n dá àgbẹ̀dẹ Kovac òmìrán sílẹ̀, níbi tí a ti ń yọ́ oríṣi irin pọ̀, tí a ń lù ú, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a sì ń dán an títí yóò fi di idà. Iṣẹ́ náà dùn ún kọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò tìtorí rẹ̀ sọ ìpele 99 kalẹ̀. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ló yẹ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé: kí a mú ẹ̀kọ́ rẹ̀ rọrùn fún àlejò, kí a má sì bu iyì rẹ̀ kù.

Àwọn kan wà tí ń fi owó gidi bẹ ẹlòmíràn kí ó bá wọn gun ìpele náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin eré náà lòdì sí i. Wọn a dé 99 láìlu irin kan. Bí a bá wá bi wọ́n léèrè ìtàn ìgbàyà tí ó wà lára wọn, kí ni wọn yóò sọ? Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó fi iṣẹ́ òòjọ́ àti ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀ nítorí àgbẹ̀dẹ inú kọ̀ǹpútà ti gbàgbé pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí olúkúlùkù mọ ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ rọ ohun tí ó fẹ́ràn ní kékeré, kí a má ṣe pè é ní aláìníṣẹ́. Ó mọ iye tí ìgbàyà náà ná òun.