Kòkòrò Tó Ń Jẹ Ẹ̀fọ́, Ara Ẹ̀fọ́ Ló Wà: Ẹ Má Tíì Ra Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti oyè tàbí ti ọdún ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní ordinateur. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí, torí owó yín àti iṣẹ́ ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀.

Ní àsìkò òjò tó kọjá, àwa díẹ̀ jókòó láti kọ oríkì ìdílé kan sílẹ̀. Ìyá àgbà kan ló kì í fún wa, a sì ti gba ohùn wọn sórí fóònù. Ìyá fúnra wọn jókòó tì wá ní alẹ́ méjì gbáko. Bí a bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ta kókó, wọn á dá wa dúró, wọn á ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é,” wọn á wá túmọ̀ rẹ̀. A ń fi àmì ohùn sí i, a ń kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́ kejì, kọ̀ǹpútà dákẹ́. Souris kò lọ, kò bọ̀. A dúró, a dúró, ó sú wa, a tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á. Nígbà tí ó tún jí, gbogbo iṣẹ́ alẹ́ yẹn ti lọ, èyí tó ṣẹ́kù nínú ti alẹ́ àkọ́kọ́ kò sì tó nǹkan. Àwa náà jẹ̀bi, torí a kò fi iṣẹ́ pamọ́ lóòrèkóòrè.

Ohùn ìyá ṣì wà lórí fóònù. Ìtumọ̀ tí wọ́n ṣe fún wa ni kò sí mọ́. Kí a tó rí àyè padà lọ bá wọn, ìyá ti sùn, wọn kò jí.

Ẹni tí a gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá wò ó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní, “Ó ti gbó. Ẹ wá owó òmíràn.” A ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ nígbà tí ọmọ wa kan tó ń kàwé dé fún ìsinmi. Kò tú ẹ̀rọ náà rárá. Ó kàn tẹ bọ́tìnì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí a wá wo àwọn tó ń jẹun nínú rẹ̀. Navigateur tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì ṣí ojú ewé tó lé ní ogójì sílẹ̀. Ètò méjì tó ń pa kòkòrò kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ọ̀kan ń ṣọ́ èkejì. Ètò ìpàdé orí fídíò kan tí ẹnikẹ́ni kò lò láti ọdún tó kọjá ń jí láràárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, ó sì jókòó gẹlẹ́tẹ́ síbẹ̀. Ọmọ náà lé èyí tí kò wúlò jáde. Kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ni a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. A kò ra ohunkóhun kún un.

Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èrò wa nìyí, a ó sì sọ ọ́ láìfi bò: ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní òkú láàárín wa kò kú. Ẹ̀rù ló pọ̀ lórí wọn. Ẹni tó bá sì ní kí a ra tuntun láìkọ́kọ́ wo ohun tó ń jẹ mémoire, kò tíì ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ pè é.

Kí ni mémoire yìí, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní RAM? Ẹ wo ìyá tó ń tajà ní ọjà Ouando. Ó ní yàrá tó ń kó ọjà pamọ́ sí, ó sì ní tábìlì tó ń pàtẹ sí. Disque dur ni yàrá: ohun tó bá wà níbẹ̀, bí iná lọ, yóò ṣì wà níbẹ̀. RAM ni tábìlì: ohun tí kọ̀ǹpútà ń lò lọ́wọ́ ló ń tò síbẹ̀, bí iná bá sì lọ, tábìlì á ṣófo. Bí tábìlì bá kún, ìyá kò ní ti ìsọ̀ pa. Yóò máa sáré lọ sí yàrá, yóò máa sáré bọ̀. Bí Windows náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí RAM bá kún, yóò máa kó díẹ̀ lọ sórí disque dur, yóò sì tún máa lọ gbé e wá. Disque dur àtijọ́, èyí tó ń yí nínú, lọ́ra ju RAM lọ lọ́nà tó pọ̀ jọjọ. Nítorí náà ni ẹ fi ń gbọ́ tó ń kùn gìrì-gìrì, tí ojú ẹ̀rọ sì dúró sójú kan. Kò kú. Ó ń sáré lọ sí yàrá ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí ẹ ó ṣe mọ ẹni tó gba tábìlì. Kọ̀ǹpútà púpọ̀ lọ́dọ̀ wa èdè Faransé ni wọ́n ń sọ, nítorí náà orúkọ tí ẹ ó rí lójú rẹ̀ ni a ó pè. Ẹ tẹ Ctrl, Maj àti Échap pọ̀. Gestionnaire des tâches yóò ṣí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Processus sí, kí ẹ tẹ orí ọ̀rọ̀ náà Mémoire. Ètò tó ń jẹ jù yóò gòkè wá síwájú. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, tí ẹ kò sì lò ó lọ́wọ́, ẹ fi iṣẹ́ inú rẹ̀ pamọ́, kí ẹ tì í. Bí kò bá gbọ́, ẹ yàn án, kí ẹ tẹ Fin de tâche. Èyí tí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án kí ẹ tó béèrè, torí àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ òpó ilé. Abèèrè kì í ṣìnà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Démarrage sí nínú ojú ewé kan náà. Àwọn tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ kò nílò láàárọ̀, ẹ tẹ Désactiver. Kò túmọ̀ sí pé ẹ pa á rẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ ó fúnra yín pè é.

Navigateur ni ọ̀jẹun àgbà nínú gbogbo wọn. Láti ìgbà tí Chrome ti jáde ní ọdún 2008 ló ti ń ya àwọn ojú ewé tí a bá ṣí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má bàa kó bá èkejì bí ó bá bàjẹ́. Ọgbọ́n dáadáa ni. Ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ gba bẹ́ẹ̀dì ọ̀tọ̀: ojú ewé tó bá pọ̀, mémoire tó pọ̀. Ẹ ti èyí tí ẹ kò kà mọ́. Chrome ti ní ètò tó ń mú ojú ewé tí a kò wò sùn, Edge náà sì ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní onglets en veille. Ẹ tàn án. Ẹ sì yẹ àwọn ohun kéékèèké tí a ń so mọ́ navigateur wò, extensions. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò rántí ìgbà tí a so wọ́n mọ́ ọn.

Irú ìṣòro kan tún wà tó yàtọ̀. Ètò kan lè dára láàárọ̀, kó jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti jẹ ìlọ́po mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń yá abọ́ ládùúgbò fún ìnáwó, tí kì í dá a padà. Ọ̀nà tí ẹ ó fi mú un kò le: ẹ kọ iye tó ń jẹ sílẹ̀ láàárọ̀, ẹ kọ ọ́ lọ́sàn-án, ẹ kọ ọ́ nírọ̀lẹ́. Bó bá ń gùn ún lọ tí kì í sọ̀ kalẹ̀, àṣìṣe àwọn tó ṣe é ni, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà yín. Ẹ tì í kí ẹ tún un ṣí, gbogbo abọ́ yóò padà wá. Kí ẹ sì gba èyí tó tuntun jù lára ètò náà, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe.

Ọ̀kan rèé tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Láti ìgbà Windows 8, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí a bá tẹ Arrêter, kọ̀ǹpútà kì í pa gbogbo ara rẹ̀ tán. Ó ń tọ́jú ìpìlẹ̀ rẹ̀ pamọ́ kó lè tètè jí lọ́la. Redémarrer ló ń gbá ilé mọ́ pátápátá. Ẹni tó ń sọ pé, “Mo ń pa á lálaalẹ́, kò yí padà,” kó gbìyànjú Redémarrer.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ètò tó ń pariwo pé àwọn yóò fọ RAM yín mọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí RAM bá kún ni nǹkan bàjẹ́. Windows máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè tó ṣófo tọ́jú ohun tó rò pé ẹ ó pè láìpẹ́. Tábìlì tó ṣófo kì í pa owó. Bí kọ̀ǹpútà bá ń yára, ẹ má torí pé ẹ rí iye ńlá kó ọkàn sókè. Ètò afọ̀-RAM fúnra rẹ̀ ń jẹ RAM, ohun tó bá sì kó dànù, kọ̀ǹpútà yóò tún lọ gbé e wá.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣé ẹ ń sọ pé kọ̀ǹpútà kì í gbó ni?” A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní gígà 2 péré kò lè gbé iṣẹ́ òde òní dáadáa. Windows 11 fúnra rẹ̀ kò gbà kó wọ ẹ̀rọ tí kò bá ní gígà 4, ó kéré tán, gígà 4 yìí sì há fún ẹni tó ní iṣẹ́ púpọ̀. Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn gbogbogbò fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù October ọdún 2025. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ, ká tó fi àbọ̀ bá adìyẹ. Bí ẹ bá ti lé gbogbo ọ̀jẹun lọ tí ẹ̀rọ kò sì yí padà, ẹ béèrè bóyá àyè wà láti fi RAM kún un. Ẹ wo Type du système pẹ̀lú: bó bá jẹ́ 32 bits, kò ní lè lò ju gígà 4 lọ, bí ẹ tilẹ̀ fi mẹ́jọ sí i. Fífi SSD rọ́pò disque dur àtijọ́ náà máa ń sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni kí a tó sọ̀rọ̀ tuntun.

Ẹjọ́ kì í ṣe ti àwa nìkan. Ní ọdún 1995, Niklaus Wirth, àgbà onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Switzerland, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ètò orí kọ̀ǹpútà ń yára lọ́ra ju bí ẹ̀rọ ṣe ń yára sáré lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣá. Lónìí, ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ lásán lè gbé odindi navigateur pọ̀n sẹ́yìn, torí ó rọrùn fún àwọn tó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣètò lórí ẹ̀rọ gígà 32 kì í mọ ohun tí ojú ẹni tó ń lo gígà 4 ń rí. Àwa la ń san owó ìrọ̀rùn tiwọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni secrétariat létí ọ̀nà, tẹ́ ẹ ń tẹ ìwé fún ará ìlú: ẹ yẹ Démarrage wò lóṣooṣù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe: ẹ fi Gestionnaire des tâches han oníbàárà kí ẹ tó dárúkọ owó. Ẹni tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ ìnáwó asán yóò tún padà wá. Ẹ̀yin òbí: kí ẹ tó ta ewúrẹ́ nítorí kọ̀ǹpútà ọmọ, ẹ ní kó kọ́kọ́ ti ojú ewé tí kò kà mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa sílẹ̀, ẹ tẹ Ctrl àti S ní gbogbo ìgbà tí àgbà bá mí. Kọ̀ǹpútà tó kú, ọjà kò ní ṣaláì ní òmíràn. Ìyá wa kò sí lọ́jà.

Ẹ ṣí tiyín wò lónìí, kí ẹ sì sọ fún wa nísàlẹ̀ níbí: ta ni ẹ bá nídìí tábìlì?