Ọmọ tó ń kàwé nílé, tó tún fẹ́ wákàtí méjì ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba: kí ló ń fa ìjà ní Amẹ́ríkà?

Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà lè ti gbọ́ ọ rí lórí fóònù pé: "Àwọn ọmọ kì í lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́, ilé ni ìyá wọn ti ń kọ́ wọn." Ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀, bí wọ́n bá ní ọmọ ọdún mẹ́wàá kan kò sí ní ilé ẹ̀kọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé owó ló wọ́n àwọn òbí rẹ̀, tàbí pé oko ló wà, tàbí pé ó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Òbí ló jókòó, tó rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, tó wá pinnu pé òun fúnra òun ni yóò máa kọ́ ọmọ òun. Láti 1993 ni òfin ti gbà á láyè ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní orílẹ̀-èdè náà.

Ìyẹn kọ́ ni ìjà. Ìjà ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí òbí yìí kan náà bá padà wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ó lè kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ìṣirò àti ìtàn, ṣùgbọ́n kò ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, kò ní ẹgbẹ́ onífèrè àti onílù, kò sì lè fi ọmọ mẹ́ta tó wà nínú ilé rẹ̀ dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó wá sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọmọ mi fún wákàtí méjì lóòjọ́, n ó wá mú un lọ lẹ́yìn náà. Oníṣòwò mọ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ odindi àpò ìrẹsì, tó ní kí ẹ bu abọ́ kan fún òun. Ṣé ẹ ó bù ú tà? Èló? Ta ló tiẹ̀ ni ìrẹsì náà gan-an?

Owó tí wọ́n fi ń gbé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ró lọ́hùn-ún kì í wá láti ibì kan ṣoṣo. Apá kan ń wá láti inú owó orí tí àwọn ará àdúgbò ń san lórí ilé àti ilẹ̀ wọn. Apá ńlá mìíràn ń wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, orí ọmọ ni wọ́n sì sábà máa ń fi pín in: iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ bá kà ni ìjọba yóò sanwó lé lórí. Òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé ń san owó orí ilé rẹ̀ bí aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń san án. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe ọrẹ ló ń tọrọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba ìpínlẹ̀, orí ọmọ rẹ̀ lè má sí níbẹ̀ rárá. Ariwo ẹ̀tọ́ àti ẹ̀sìn pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀kùn yóò ti ṣí àti ibi tí wọn yóò ti tì í, kí ó wo bí wọ́n ṣe ń ka ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Guthrie, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tọkọtaya kan níbẹ̀ ń kọ́ ọmọbìnrin wọn nílé nítorí ẹ̀sìn Kristẹni tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó kúrò ní kíláàsì keje, wọ́n rí i pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lè ṣe jù wọ́n lọ nínú èdè ilẹ̀ òkèèrè, orin kíkọ àti sáyẹ́ǹsì. Ọ̀gá àgbà tó wà níbẹ̀ gbà fún wọn. Ọmọ náà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn ọdún jókòó nínú kíláàsì méjì, ó sì ṣe dáadáa. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ọdún tó tẹ̀ lé e kí ọ̀gá yẹn tó lọ, tí òmíràn sì dé. Ọ̀gá tuntun ní òun kò gbà, àfi kí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i.

Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ wọlé pátápátá. Wọ́n yọ àwọn méjì sílẹ̀: ọmọ tó ti yẹ kó jáde àmọ́ tí ẹ̀kọ́ díẹ̀ ṣẹ́ kù fún, àti ọmọ tó nílò ìtọ́jú pàtàkì. Kí ló dé tó jẹ́ àwọn yìí? Ìpínlẹ̀ Oklahoma ń sanwó lórí wọn bí wọn kò tilẹ̀ wá ní gbogbo ọjọ́. Kì í san kọ́bọ̀ lórí ọmọ tó ń kàwé nílé.

Àwọn òbí náà pe ẹjọ́, wọ́n ní wọ́n fi ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn àwọn du àwọn. Ní 1998, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ dá wọn lẹ́bi. Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ ni pé òfin ìgbìmọ̀ náà kò dojú kọ ẹ̀sìn kankan, gbogbo ènìyàn ló kàn. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yẹn kò fi dandan mú ìjọba láti jẹ́ kí ó máa ṣa èyí tó wù ú nínú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Èmi kò rí ìkà kankan nínú ìtàn yìí. Ìgbìmọ̀ kò fẹ́ kí owó tó yẹ fún àwọn ọmọ tó wà níkàwọ́ wọn lọ sórí ẹni tí ìjọba kò kà fún wọn. Ọmọbìnrin náà ló kàn fẹ́ kọrin, tí wọn kò sì jẹ́ kó kọ ọ́.

Ní Michigan, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Ní 1984, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà gbọ́ ẹjọ́ ọmọ kan tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni aládàáni, tó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olórin ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe dandan, bí orin, ìlú ló ni ín. Ọmọ tó bá ń gbé àdúgbò náà gbọ́dọ̀ ráyè níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kàwé nílé náà ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé lónìí, ìpínlẹ̀ sì ń ka apá tí wọ́n bá kọ́ mọ́ owó ilé ẹ̀kọ́.

Washington, ìpínlẹ̀ tó wà létí òkun ní ìwọ̀ oòrùn, ṣe tiẹ̀ láìsí wàhálà púpọ̀: òfin pàṣẹ pé kí ilé ẹ̀kọ́ gba ọmọ tó fẹ́ wá fún wákàtí díẹ̀, kí ìjọba sì sanwó ní ìwọ̀n wákàtí náà. Ní Iowa, ọmọ tí òbí ń kọ́ nílé, tó sì forúkọ sílẹ̀ fún díẹ̀ nínú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ìdá kan nínú mẹ́wàá ọmọ ni wọ́n sábà máa ń kà á sí nínú ìwé owó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn ló jẹ́ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lè sọ fún olùkọ́ pé kí ó fi àga kan kún un. Pennsylvania bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré ìdárayá àti ẹgbẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nínú òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2005. Ní 2022 ni wọ́n tó fi kíláàsì gan-an kún un, wọ́n sì fi òté lé e: kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́.

Eré ìdárayá ló ń dá ariwo tó pọ̀ jù sílẹ̀, ó sì lórúkọ ẹni tí wọ́n ń pè mọ́ ọn: Tim Tebow. Philippines ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ nílé. Ìpínlẹ̀ Florida ti ṣòfin ní 1996 pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè bá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àdúgbò rẹ̀ ṣeré. Tebow gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, fún ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Nease. Kí ó lè ráyè níbẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ kó lọ gbé ní àdúgbò ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní 2007, nígbà tó ti dé yunifásítì, ó gba ife-ẹ̀yẹ Heisman, èyí tí wọ́n ń fún ọmọ yunifásítì tó mọ bọ́ọ̀lù náà jù lọ. Láti ìgbà yẹn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń fi pe irú òfin yìí ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Texas gbà á ní 2021, ṣùgbọ́n wọ́n fi sílẹ̀ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan láti gbà tàbí kọ̀.

Ní Virginia, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i ní 2015, 2016 àti 2017. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Gómìnà Terry McAuliffe kò buwọ́ lù ú. Àwíjàre rẹ̀ ni pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ gba máàkì tó tó kí ó tó lè wọ pápá, wọn kò sì lè fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ọmọ tó wà nílé. Mo rò pé ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn dúró ju bí àwọn alátakò rẹ̀ ṣe fẹ́ gbà lọ. Ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ ló fún un ní máàkì, wọn yóò sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Ti inú ilé, ta ni ìyá yóò yọ? Bí ẹgbẹ́ bá sì nílò ènìyàn mọ́kànlá, ẹni tó ti ìta wọlé gba àyè ẹnì kan nìyẹn. Àmọ́ Florida fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti béèrè ẹ̀rí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òbí kí ọmọ tó wọ pápá, wọ́n sì ti ń ṣe é bọ̀ láti 1996.

Gbogbo òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé kọ́ ló fẹ́ ilẹ̀kùn yìí o. Àwọn kan ń sọ pé bí a bá gba wákàtí méjì lọ́wọ́ ìjọba lónìí, lọ́la ni ìjọba yóò ní kí a mú ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí wà tí wọ́n fi ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń sanwó máa ń béèrè ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò ju ti àwọn ẹlẹ́sìn tó le lọ. Ní 2019, iye àwọn ọmọ tó ń kàwé nílé tó bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, wọn kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni kòrónà dé. Àjọ tó ń ka ènìyàn ní Amẹ́ríkà rí i pé ìdílé tó sọ pé àwọn ń kọ́ ọmọ nílé lọ láti 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìgbà ìrúwé 2020 sí 11.1 nígbà tó fi di ìgbà ìwọ́wé ọdún náà. Láàárín àwọn ènìyàn dúdú, ó fò láti 3.3 sí 16.1. Kì í ṣe gbogbo wọn ló dúró sílé lẹ́yìn àrùn náà, ṣùgbọ́n àwọn tó dúró kì í sábà fẹ́ gé okùn pátápátá.

Àwa tí a ń lo òfin tó fara jọ ti Faransé lè máa rò pé ibẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Rárá. Jámánì kò gbà kí òbí fi ẹ̀kọ́ ilé rọ́pò ilé ẹ̀kọ́. Ní Faransé, òbí kàn máa ń kọ̀wé sọ fún ìjọba tẹ́lẹ̀ ni. Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹjọ 2021 yí i padà, láti 2022 ó ti di pé kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ.

Ní Bẹ̀nẹ̀ wa, kíkọ́ ọmọ nílé kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gba ìdajì ilé ẹ̀kọ́ kò ṣàjèjì. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ láti gba ìwé ẹ̀rí CQP, télọ̀ ni o, mẹkáníìkì ni o, ọjọ́ márùn-ún ló fi ń wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ọjọ́ kan ló sì fi ń wà nínú kíláàsì. Níbẹ̀ náà, ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé wọ́n ti pinnu ṣáájú ẹni tí yóò sanwó ọjọ́ kan yẹn.

Bí ẹbí yín ní Houston tàbí Seattle bá ń ronú láti mú ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, tí wọ́n sì ń retí pé kí ó ṣì máa lọ fún orin tàbí bọ́ọ̀lù, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wọn kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé: ṣé òfin ìpínlẹ̀ ló fún ọmọ náà láyè, àbí ọ̀gá kan ṣoṣo ló gbà fún wọn? Ọmọ Guthrie náà ní ọ̀gá tó gbà fún un.