Ta Ni Ó Ni Àgọ́ Náà?



Láìpẹ́ yìí ni ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ìyá ọlọ́mọ méjì ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín, wá bá mi. Ó ti dá àjọ fún ọdún mẹ́ta, owó náà sì ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fẹ́ fi ra kánópì àti àga tí yóò máa fi yá àwọn tí ń ṣe ìnáwó. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ń kọ́lé lórí ilẹ̀ ẹbí. Ògiri ti ga tán, páànù ni ó kù, ọkọ sì ní kí ó mú owó náà wá. Ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi rò ó. Bí n kò bá mú un wá, wọn a ní n kò fẹ́ ire fún ọkọ mi.”

Kí n tó dá a lóhùn, ìtàn àgọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ fún un.

Ní ilẹ̀ Mòǹgólíà, lọ́nà jíjìn ní Éṣíà, ọ̀pọ̀ darandaran ṣì ń gbé inú ilé róbótó kan tí wọ́n ń pè ní ger. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a so pọ̀ bí àwọ̀n ni ògiri rẹ̀. Irun àgùntàn tí a lù pọ̀ títí ó fi nípọn bí ẹní ni a fi ń bò ó, ojú ihò kan sì wà lókè tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Wọ́n ń tà á lọ́jà bí a ti ń ta ibùsùn. Nígbà tí koríko bá tán, wọn a tú u palẹ̀, wọn a sì gbé e lọ síbòmíràn. Ní ọdún 2013 ni àjọ UNESCO fi iṣẹ́ ọnà ger kún àwọn àṣà tí ó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò.

Ní tòsí wa, ní ilẹ̀ Niger àti Mali, àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ ní àgọ́ tiwọn, tí wọ́n fi ẹní tàbí awọ ewúrẹ́ bò. Obìnrin ni ó ń ṣe é, obìnrin ni ó sì ni ín. Ìyá ìyàwó àti àwọn obìnrin ẹbí rẹ̀ ni ó ń pèsè rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ kan náà, ehen, ni wọ́n ń pe àgọ́ àti ìgbéyàwó. Bí ìgbéyàwó bá tú ká, ìyàwó ni ó ń mú àgọ́ lọ.

Kì í ṣe pé mo ní kí ẹnikẹ́ni ká ilé rẹ̀ o! Ṣùgbọ́n ní tiwa, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ní ọdún 1957, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ti ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó kóòtù yàtọ̀. Bí páànù bá ti gorí ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ ẹbí, tí kò sì sí ìwé, ta ni yóò jẹ́rìí lọ́la pé owó àjọ ìyàwó ni ó rà á?

Ìmọ̀ràn tí mo fún un nìyí. Kí ó má ṣe purọ́ fún ọkọ rẹ̀, kí ó má sì fi owó náà pamọ́. Kí ó bá a jókòó nígbà tí ara bá tù ú, kí wọ́n jọ ṣe ìṣirò. Páànù kì í bí owó, ṣùgbọ́n kánópì tí ó jáde ní ọjọ́ Sátidé lè mú owó wálé, owó náà yóò sì ra páànù díẹ̀díẹ̀. Ní ìlú tí èrò ń wọ́ wá síbi Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ìgbéyàwó àti ìsìnkú kì í sì í tán, iṣẹ́ kò ní wọ́n ẹni tí ó ní àgọ́. Kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọjà tí ó bá rà. Bí ó bá sì fi apá kan owó náà ran ilé lọ́wọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí méjì. Ìwé kì í ba ìfẹ́ jẹ́. Àìsí ìwé ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe òwò yìí, ẹ má ṣe ká ìbòrí kánópì nígbà tí ó tutù, nítorí yóò bu, yóò sì máa rùn. Ẹ sá a gbẹ ná. Ẹ máa nu òpó irin, kí ẹ sì kùn ún ní ọ̀dà, kí ó má baà dípẹtà. Ẹ ka òpó, okùn àti àga kí wọ́n tó jáde, kí ẹ tún kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá padà. Ẹ gba apá kan owó ṣáájú.

Ó lọ, ó ní òun yóò bá ọkọ òun sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo ń retí èsì. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.