Ẹni Tí Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà, Kí Ó Má Gbàgbé Ẹ̀yìnkùlé

Ní Abossey Okai ní ìlú Accra, níbi tí a ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ariwo àwọn ọmọ onílẹ̀ láti ọdún mélòó kan ni pé kí àlejò má ṣe bá wọn ná ọjà kékeré. Òfin Gánà nọ́mbà 865 ti ọdún 2013 wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù àlejò pa rí, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ọ̀ràn náà bá.

Ṣùgbọ́n ní Accra kan náà, ohun tí ó tóbi ju ṣọ́ọ̀bù lọ ti kọjá sọ́wọ́ àlejò. Ní 1990 ni a dá HFC sílẹ̀ láti máa yá ènìyàn lówó ilé. Ó di báńkì, ìpín rẹ̀ sì wà lórí àtẹ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó. Ní 2012 Republic Bank ti Trinidad bẹ̀rẹ̀ sí rà á. Ní 2013 ó ti ní 40 nínú 100. Àríyànjiyàn pọ̀, nítorí òfin ní kí ẹni tí ó bá kọjá 30 nínú 100 fi owó lọ gbogbo oníìpín yòókù. Nígbà tí yóò fi di 2015, ó ti ní ju ìdajì lọ. Ní 2018 orúkọ HFC parẹ́.

Báwo ni a ṣe ń mọ ilé-iṣẹ́ tí irú èyí lè bá? Bí ẹnì kan bá ti ní ju ìdajì lọ, kò sí ẹni tí ó lè gbà á láìjẹ́ pé òun fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìpín ńlá bá wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí owó ń wù, tí iye rẹ̀ lọ́jà sì kéré sí ohun tí ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ tó, ẹ mọ̀ pé olùrà ti ń bọ̀ lọ́nà.

Owó àlejò kì í ṣe májèlé. Ohun tí ó burú ni kí mẹ̀kúnnù tí ó ní igba ìpín tà á ní ọ̀pọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ka lẹ́tà ilé-iṣẹ́ fún un. Òfin Nàìjíríà pẹ̀lú dá ààlà sí 30 nínú 100, ṣùgbọ́n òfin kì í jí ẹni tí ó sùn.

Ẹ̀yin oníìpín, ẹ ka lẹ́tà yín, ẹ lọ sí ìpàdé ọdọọdún, ẹ má ṣe dá tà. Bí àwọn ará Abossey Okai ti ń kó ara wọn jọ nítorí ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ni kí oníìpín kó ara wọn jọ nítorí ilé-iṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.