Ọyẹ́ Ni Ó Ń Jẹ Epo: Ẹ Má Ṣe Tètè Pe Awakọ̀ Yín Ní Olè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ní ìlú Jọ́ọ̀sì níhìn-ín, tí ẹjọ́ ọdọọdún sì tún bẹ̀rẹ̀ láàrín àwọn ènìyàn wa. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò ní owó epo ti pọ̀ jù. Awakọ̀ yóò ní òun kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ yóò jókòó ti ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Níkẹyìn, a ó lé awakọ̀ lọ, orúkọ olè yóò sì ti dé ilé ṣáájú rẹ̀.

N kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé èmi pàápàá ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Mo ní bọ́ọ̀sì kékeré kan tí ọmọkùnrin kan láti ìlú wa ń bá mi wà. Ní gbogbo ìgbà òjò, kò sí àríyànjiyàn láàrín wa. Ṣùgbọ́n bí oṣù Dìsẹ́ńbà ti wọlé, iye epo tí ó ń rà fún ọ̀nà kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í lé sí i. Mo bi í léèrè, ó búra. N kò gbà á gbọ́. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ara mi wa ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ó yà mí lẹ́nu pé iye epo kan náà ni ọkọ̀ náà jẹ lọ́wọ́ èmi pẹ̀lú.

Kí ni ó ń jẹ epo náà? Òtútù ni. Ẹ lọ wo epo pupa tí ó wà nínú ìgò ní ilé ìdáná yín ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ẹ ó rí i pé ó ti dì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í dì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà a máa ki nígbà òtútù. Agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nínú ọ́ìlì tí ó ki yìí, láti inú epo bẹntiróòlù ni ó ti ń wá.

Èkejì ni pé bẹntiróòlù ní láti di oru kí ó tó lè gbaná dáadáa. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ó tutù, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń di oru, nítorí náà a ní láti da púpọ̀ sí i kí iná tó mú. Ẹ̀yin tí ẹ wa ọkọ̀ láyé àtijọ́ yóò rántí ṣóòkù tí à ń fà ní òwúrọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ òde òní ń ṣe fúnra rẹ̀: yóò máa da epo ní àdàlé títí ara ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó.

Ẹ̀kẹta ni táyà. Afẹ́fẹ́ a máa sún kì nígbà òtútù. Táyà tí a fún ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn mú lè ti fi ìwọ̀n 2 tàbí 3 dín kù lórí òṣùwọ̀n táyà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Táyà tí ó rọ̀ a sì máa wúwo láti yí.

Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó lè rò pé àwáwí ni èyí. Ṣùgbọ́n ìlú Jọ́ọ̀sì ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju ojú òkun lọ, òtútù òwúrọ̀ Dìsẹ́ńbà àti Jánúárì níhìn-ín sì lè já wá sí nǹkan bí 10 tàbí 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwọn tí ó wà ní Káńò àti Kàdúná náà mọ bí ọyẹ́ ti ń ṣe ní tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára ti kéde pé bí òtútù bá já wá sí ìwọ̀n 7 ní ìsàlẹ̀ òdo, ibi tí epo ọkọ̀ ń gbé e dé nínú ìlú yóò fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ìgbà tí ó bá jẹ́ ìwọ̀n 25. Bí ìrìn náà bá kúrú, bíi kìlómítà 5 tàbí 6, ó lè tó ìdá 24. Òtútù tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àdínkù tiwa kò lè tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó ohun tí ó lè dá ìjà sílẹ̀.

Ó ku ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù lọ. Ohun kékeré kan wà tí a ń pè ní tẹ́mósítáàtì, tí ó dà bí ilẹ̀kùn lójú ọ̀nà omi láàrín ẹ́ńjìnnì àti ráádíétọ̀. Kì í ṣí tán títí omi yóò fi gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 80 sí 90. Nígbà ooru oṣù Máàṣì, bí ọkọ̀ bá ń hó, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa a máa yọ ọ́ sọnù. Nígbà tí ọyẹ́ bá wá dé, omi tútù yóò máa yí ẹ́ńjìnnì náà ká láìdáwọ́ dúró. Kọ̀ǹpútà yóò rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni, yóò sì máa da epo lé epo. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ pé kí wọ́n yọ ti bọ́ọ̀sì mi ní oṣù Máàṣì ọdún náà. Nígbà tí mo fi dá òmíràn padà, ọmọkùnrin náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Mo lọ bẹ òun àti àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n kò padà wá mọ́.

N kò sọ pé kò sí awakọ̀ tí ń fi rọ́bà fa epo tà. Wọ́n wà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Máàyù ọdún 2023, tí iye owó lítà kan sì kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibùdó epo kí ọdún 2024 tó parí, kò sí ẹni tí í fi ojú kékeré wo lítà méjì. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a ṣe ìṣirò kí a tó dájọ́. Ẹ rọ epo kún táńkì, ẹ kọ iye kìlómítà sílẹ̀; nígbà tí ẹ bá tún rọ ọ́ kún, ẹ pín iye kìlómítà tí ọkọ̀ rìn sí iye lítà tí ó wọ̀ ọ́. Ẹ ṣe é ní Òkútóbà, ẹ tún un ṣe ní Jánúárì. Ọkọ̀ tí ó ń fi lítà kan rin kìlómítà 10, tí ó wá ń rin 9, yóò jẹ lítà 22 ó lé díẹ̀ ní ibi tí 20 ti tó tẹ́lẹ̀. Kò sí olè níbẹ̀.

Bákan náà, kí á jáwọ́ nínú títan ọkọ̀ sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ní òwúrọ̀. Ọkọ̀ tí ó dúró kò rin kìlómítà kan, epo sì ń lọ. Nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó fún ọkọ̀ òde òní. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wà á lọ jẹ́jẹ́, yóò gbóná lójú ọ̀nà. Ẹ wọn táyà ní òwúrọ̀ kí ó tó rìn. Bí mẹkáníìkì bá sì ní òun yóò yọ tẹ́mósítáàtì, ẹ ní kí ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, awakọ̀ tí a mú wá láti ilé, ọmọ ẹnì kan ni. Owó epo tí ó bá sọnù, a ó tún rí i. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ tí a bá bà jẹ́ kì í tètè túnṣe. Kí á bi ọyẹ́ léèrè kí á tó bi awakọ̀.