Ogbó Mọ̀nà, Ìwọ Ńkọ́?

Kò sí ọmọ Ìgbómìnà tí wọn ò pa ìtàn yìí fún. Ajagúnlà, tó di Ọ̀ràngún, kúrò ní Ifẹ̀ pẹ̀lú ogbó, àdá tí Odùduwà gbé lé e lọ́wọ́. Igbó dúdú kìjikìji ni wọ́n gbà kọjá. Ogbó ló ń la igbó, ogbó náà ló ń fi ọ̀nà hàn wọ́n, ni wọ́n bá ní, "Ogbó mi mọ̀nà." Àwọn àgbà sọ pé ibẹ̀ ni orúkọ Ìgbómìnà ti ṣẹ̀ wá.

Ìbéèrè kan wà tí mi ò gbọ́ kí ọmọ kankan bi wọ́n rí: ká ní olè wọ àgọ́ lóru, tó gbé ogbó náà lọ ńkọ́? Ta ni ì bá mọ̀nà nínú wọn?

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, ogbó sọnù lọ́wọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà, ìwé pupa ló yọ lójú rẹ̀: a ti ti gbogbo fáìlì yín pa, ẹ san 300 dọ́là Bitcoin, bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá, ó di 600. WannaCry ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ibi náà. Àwa tí a mọ ohun tí ajínigbé ń ṣe lójú ọ̀nà kò nílò àlàyé púpọ̀. Ajínigbé ni, àfi pé fáìlì ló jí gbé, kì í ṣe èèyàn. Kò tilẹ̀ gbé e kúrò nínú ilé rẹ. Ó kàn pa kọ́kọ́rọ́ dà ni, tìrẹ kò sì ṣí i mọ́.

Àjọ ìlera ìjọba 80 nínú 236 ni ọ̀rọ̀ náà kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ilé ìtọ́jú dókítà àdúgbò 595. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn mìíràn, wọ́n ní kó yí padà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 19,000 èèyàn ni kò rí dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wọn, àdánù owó sì tó mílíọ̀nù 92 pọ́n-ùn. Káàkiri ayé, kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ló kó o ní orílẹ̀-èdè bíi 150. Èdè 28 ni wọ́n fi kọ ìwé pupa náà. Kò sí èdè ilẹ̀ Áfíríkà kankan nínú rẹ̀. Olè náà kò ronú kàn wá, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó máà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà rèé. Ohun ìjà tí wọ́n fi jà, iléeṣẹ́ aṣọ́nà abẹ́lẹ̀ Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ rọ ọ́, tí wọ́n jí i lọ́wọ́ wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ní Kòríà Àríwá ló fi ṣọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, Microsoft ti gbé àbùlẹ̀ jáde fún ihò tí olè gbà wọlé. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn pé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ní àwọn á ṣe é lọ́la. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri yìí lanu, wọ́n tún gbé yẹ̀pẹ̀ sẹ́bàá rẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 kan, Marcus Hutchins, ló dá a dúró. Ó rí i pé kí WannaCry tó ṣiṣẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ pe orúkọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, á máa bá ìparun lọ. Kò sẹ́ni tó ni orúkọ náà. Hutchins ra á ní owó tí kò tó dọ́là 11, orúkọ dáhùn, ohun náà sì jókòó. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Bàbá mi ì bá ní, "Wọ́n mọ orúkọ tó ń jẹ́ ni."

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kó pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ní Peckham. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2024, àwọn ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Qilin wọ kọ̀ǹpútà Synnovis, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún King's College Hospital àti Guy's and St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Àdúgbò tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí gan-an nìyẹn: àwọn tiwa ló ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, àwọn tiwa tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS ló ń gbàtọ́jú níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń sọ irú ẹ̀jẹ̀ tó bá aláìsàn mu dákẹ́. Ni ìjọba bá ń bẹ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ O kí wọ́n wá fi tọrẹ, torí òun ni a lè fà sí aláìsàn lára nígbà tí kò sí àyè láti mọ tirẹ̀. Ìpàdé pẹ̀lú dókítà tó lé ní 10,000 ni wọ́n sún síwájú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé ìwòsàn King's jẹ́wọ́ pé aláìsàn kan kú, àti pé bí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe pẹ́ wà lára ohun tó fà á.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 yẹn kan náà, wọ́n kọlu iléeṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní South Africa. Àwọn yẹn ní ẹ̀dà fáìlì wọn o. Ṣùgbọ́n ibi tí olè ti lè nawọ́ mú un ni wọ́n gbé e sí, ó sì pa òun náà rẹ́. Ẹni tó gbin èbù sẹ́bàá iṣu tí iná ń jó, kí ló fi pamọ́?

Nílé ńkọ́? Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni àwọn ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní BlackCat ti iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja pa. Mo rántí ariwo tó sọ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Ṣé bí wọ́n bá ti fáìlì ilé ìwòsàn wa pa, a ó pariwo tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan á ní, "Iná tí a ò rí tan kọ̀ǹpútà, kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ jí níbẹ̀?" Ẹni tó wà láàárín odò, tó ní omi ò kan òun, ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ wa, NIN wa, owó oṣù àwọn olùkọ́, èsì ìdánwò àwọn ọmọ wa, inú ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀ wà. Lọ́dún kan, mo lọ wá ìwé kan ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Ọmọbìnrin ibẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, kò sí nẹ́tíwọ̀kì." Mo ní kó wò ó nínú rẹ́jísítà ìgbà àtijọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti kó o dà nù nígbà tí kọ̀ǹpútà dé. Olè kankan ò tíì wọlé, ogbó ti sọnù.

Òfin ààbò ìwífún tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ní kí ẹni tí wọ́n bá jí ìwífún lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó lè pa ẹni tó ni ín lára, sọ fún àjọ tó ń bójú tó o láàrin wákàtí 72. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ló ń tì í.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní sẹkitéríàtì Ìlá àti ti Òkè-Ìlá nílẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ̀yin ọ̀gá College of Education wa, ẹ̀yin alábòójútó ilé ìwòsàn. Bí kọ̀ǹpútà bá ní àbùlẹ̀ dé, ẹ lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ jáwọ́ nínú Windows ayédèrú tí wọ́n ń fi fíláàṣì gbé kiri, torí ẹni tó lo ti olè kì í sábà rí àbùlẹ̀ gbà. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ gbé e sí ilé mìíràn. Ẹ sì mú ọjọ́ kan lọ́dún tí ẹ ó pa gbogbo kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi bírò àti ìwé ṣiṣẹ́, ká lè mọ̀ bóyá nọ́ọ̀sì tó dé lánàá lè gba aláìsàn láìsí ẹ̀rọ.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ogbó dára, ẹ jẹ́ kó máa là á lọ níwájú. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tẹ̀ lé e máa wo igi tó ń kọjá lára rẹ̀, kó lè mọ ọ̀nà ilé fúnra rẹ̀.